Àtọ̀gbẹ ni, ṣúgà ni, diabetes ni: Níbo ni orúkọ àrùn yìí ti wá?

Ohun kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tó ń wá yẹ ara wọn wò ní agbègbè wa níbí, láti Mowe dé Ibafo, títí kan àwọn tó ń wá láti Ifo. Bí a bá bi màmá kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní diabetes?" wọ́n á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣúgà ni dókítà sọ pé mo ní, kì í ṣe diabetes." Bàbá tó jókòó tì wọ́n á sì dá sí i pé, "Tèmi kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, àtọ̀gbẹ ni. Àgbo la fi ń wò ó nílé wa."

Àrùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ o. Orúkọ rẹ̀ ló di mẹ́ta. Ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan orúkọ nínú ọ̀rọ̀ àìsàn, pé kí n sọ oògùn fún yín kí n máa bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó gba oògùn "ṣúgà" nílé ìwòsàn kan, tó tún gba oògùn "diabetes" níbòmíràn, tó wá ń gbé méjèèjì mì láàárọ̀ torí ó rò pé àrùn méjì ló ń bá òun jà. Oògùn kan náà ni, páálí rẹ̀ ló yàtọ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé, kò mọ ibi tó wà mọ́. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ jẹ́ ká fa ìjánu àrùn yìí wò lónìí, ká mọ ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti wá àti ohun tó fẹ́ sọ fún wa.

Orí diabetes ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kọ́ ló ni ín. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ ni, àwọn tó jẹ́ pé èdè wọn ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun níbẹ̀rẹ̀. Nínú èdè náà, dia ni kí nǹkan gba inú nǹkan mìíràn já, bainein sì ni kéèyàn rìn tàbí kó lọ. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ohun tí ẹ ó rí ni "ohun tó ń gba inú nǹkan kọjá lọ". Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa omi tàbí wáìnì láti inú ìkòkò kan bọ́ sínú òmíràn. Àwa tí à ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹ rí rọ́bà tí awakọ̀ máa ń kì bọ inú táǹkì, tó máa ń fi ẹnu fà lẹ́ẹ̀kan péré, tí epo bẹntiróòlù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì? Bí ẹnikẹ́ni ò bá fa rọ́bà yẹn yọ, epo ò ní dúró títí táǹkì á fi gbẹ.

Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Aretaeus, ó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ó dín díẹ̀. Ará Kapadókíà ni, ilẹ̀ tí ẹ máa ń ka orúkọ rẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì. Inú orílẹ̀-èdè Tọ́kì ló wà lóde òní. Ọkùnrin yìí ṣe àlàyé diabetes débi pé bí ẹ bá kà á lónìí, ẹ ó rò pé aláìsàn ilé ìwòsàn wa ló ń wò. Ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé ẹran ara èèyàn ń yọ́ di ìtọ̀, pé òùngbẹ aláìsàn náà kì í tán, ìtọ̀ rẹ̀ kì í sì í dúró.

Ẹ wá wo àtọ̀gbẹ tiwa. Tọ̀ ni kéèyàn ṣe ìtọ̀. Gbẹ ni kí omi tán nínú nǹkan, òun náà la sì ń sọ fún ẹni tó rù hangogo pé, "Lágbájá mà ti gbẹ o." Kéèyàn máa tọ̀ títí tó fi gbẹ, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Yorùbá tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ kò ka ìwé Gíríìkì kankan. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lára aláìsàn ló sọ lórúkọ, bí Aretaeus náà ti ṣe ní tirẹ̀. Torí náà, màmá tó ń sá fún diabetes tó sì gba àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbà, èdè ló yí padà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé èèyàn. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín, tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, kò rí gbogbo rẹ̀ dá padà, ló bá ń dà á sínú ìtọ̀. Ṣúgà kì í sì í dá lọ, ó gbọ́dọ̀ fa omi dání. Bí omi ti ń jáde ni òùngbẹ ń gbẹ èèyàn, bó ṣe ń mu náà ló ń tọ̀ ọ́. Ara tí kò sì rí ṣúgà yẹn lò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá àti iṣan ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń jẹun dáadáa ṣe ń rù. Mo fẹ́ fi èyí kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ sí Èkó: kéèyàn má mu omi torí kó má baà tọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò wo ohunkóhun sàn. Bí ìtọ̀ bá ti ń jí yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ ṣúgà, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn, pàápàá fún ẹ̀yin bàbá.

Diabetes ní orúkọ kejì tí àwọn dókítà máa ń kọ tẹ̀lé e sínú fáìlì, ìyẹn mellitus. Èdè Látìn nìyí, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Mel ni oyin lédè wọn. Mellitus ni ohun tó dùn bí oyin. Kí ló ń dùn? Ìtọ̀ ni o! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dókítà kan ní London, Thomas Willis, kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní ọdún 1674 pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn yìí dùn bí ẹni pé wọ́n po oyin tàbí ṣúgà mọ́ ọn. Ẹnu ni wọ́n fi ń tọ́ ọ wò nígbà náà, torí kò tíì sí ẹ̀rọ. Ní ọdún 1776 ni dókítà mìíràn ní Liverpool, Matthew Dobson, wá gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi rẹ̀ fi gbẹ tán, tí ohun tó ṣẹ́kù sì jẹ́ ṣúgà. Òun náà ló rí i pé adùn yẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, pé kì í ṣe inú ìtọ̀ nìkan.

Àwọn ará Íńdíà ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Willis tó dáyé. Nínú Sanskrit, èdè àtijọ́ tiwọn, madhumeha ni wọ́n ń pe àrùn náà. Madhu ni oyin, meha sì jẹ mọ́ ìtọ̀. Ìtọ̀ oyin! Àwọn ìwé ìṣègùn wọn àtijọ́, èyí tí wọ́n fi orúkọ Charaka àti Sushruta pè, sọ nípa rẹ̀, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń lọ bo irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abúlé kò nílò kí ará Íńdíà kankan sọ ìyẹn fún yín. Bí èèrà bá ti pọ̀ níbi tí bàbá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, àwọn àgbà á ti máa wo ara wọn lójú. Ibẹ̀ la ti rí ìtọ̀ ṣúgà pè.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró bá mi díẹ̀, torí èèrà ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Kíndìnrín kì í tètè jẹ́ kí ṣúgà jáde. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó dìgbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 180 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú ìtọ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbàlagbà. Bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kò tíì jẹun láti alẹ́ àná bá ní 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àrùn ṣúgà ti wọlé nìyẹn. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 126 àti 180. Èèyàn lè wà nínú àlàfo yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó má tọ̀ jù, kí òùngbẹ má gbẹ ẹ́, kí èèrà kankan má yọjú, kí ṣúgà sì máa ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àtọ̀gbẹ àti diabetes, orúkọ ìgbà tí àrùn náà ti dàgbà ni wọ́n. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò ní ohun tí wọ́n lè fi rí i nígbà tó ṣì kéré. Àwa ní in, abẹ́rẹ́ kékeré kan lórí ìka ni. Ẹni tó bá sì ń lo ilé ìgbẹ́ olómi nílé tirẹ̀, níbo lèèrà ti fẹ́ rí ìtọ̀ rẹ̀?

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀rọ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Oríṣi kíkà méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ mg/dL sí lójú ló ń fún wa ní 126 tí mo sọ yẹn. Èyí tí wọ́n kọ mmol/L sí, 7.0 ló máa kọ fún iye ṣúgà kan náà. Ìlọ́po 18 ló wà láàárín wọn. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ṣúgà òun ti sọ̀ kalẹ̀ láti 190 sí 11. Kò sọ̀ kalẹ̀ rárá, ó tiẹ̀ gòkè díẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ló yàtọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣúgà gan-an, òun ló rìnrìn àjò jù nínú gbogbo wọn. Íńdíà náà ló ti gbéra. Sharkara ni wọ́n ń pè é ní Sanskrit, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn. Bí wọ́n bá se omi ìrèké títí tó fi dì, tó fọ́ sí hóró hóró, òkúta wẹ́wẹ́ ló jọ lójú wọn. Àwọn ará Páṣíà gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n pè é ní shakar. Àwọn Lárúbáwá gbà á lẹ́nu ará Páṣíà, wọ́n ní sukkar. Ọwọ́ àwọn Lárúbáwá ni Yúróòpù ti rà á: Ítálì pè é ní zucchero, Faransé ní sucre, Gẹ̀ẹ́sì ní sugar. Àwa gbà á lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, a sọ ọ́ di ṣúgà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà kan ṣì ń pè é ní iyọ̀ òyìnbó. Àwọn Hausa kò dúró de Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, sukari tí wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ àwọn Lárúbáwá ni. Ciwon sukari ni wọ́n ń pe àrùn yìí, àwọn tó ń sọ Swahili náà sì ń pè é ní kisukari. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ inú ìkòkò ìrèké ṣe di orúkọ àrùn ní ìdajì ilẹ̀ Áfíríkà.

Orúkọ yìí ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù o. Bí ẹ bá ti sọ fún èèyàn pé ó ní ṣúgà, hóró funfun inú tíì ló máa sá sí i lọ́kàn. "Nọ́ọ̀sì, mi ò fi ṣúgà sí tíì láti ọdún márùn-ún." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bà ńkọ́? Fùfú ńkọ́? Ìrẹsì, iyán, ẹ̀kọ, búrẹ́dì ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ikùn. Ẹlòmíràn á ní gàrí Ìjẹ̀bú ni tòun, pé kíkan ló kan, kò dùn. Kíkan tó kan kò ní kó má di ṣúgà. Àwọn kan gbọ́ pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún un, òótọ́ ni pé ó sàn ju ẹ̀bà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á wá rò ó kó ga bí Òkè Olúmọ nínú abọ́. Ẹ jẹ́ kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀. Oyin náà ńkọ́, tí wọ́n máa ń sọ pé ti Ọlọ́run ni, pé kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan? Ẹ rántí madhumeha, ẹ rántí mellitus. Oyin ni wọ́n fi ń pe àrùn náà kí ṣúgà tó gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Torí pé ṣúgà dùn, àwọn èèyàn tún gbà pé ohun kíkorò ló máa pa á. Ewúro, jogbo, dóńgóyárò, wọ́n á gún un, wọ́n á mu ún ní ife ife. N kò bá ẹ̀fọ́ ewúro jà, èmi náà ń sè é. Ṣùgbọ́n ahọ́n ló mọ dídùn àti kíkorò, ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá torí àgbo kíkorò pa oògùn dókítà tì, ẹsẹ̀ tí kò jinná ló sábà máa ń gbé e padà wá sọ́dọ̀ wa.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, glúkóòsì. Ní ọdún 1838 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti inú gleukos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún wáìnì dídùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Inú Ìṣe orí kejì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan náà lọ̀rọ̀ yẹn wà, níbi tí àwọn ẹlẹ́gàn ti ní wáìnì ló ń pa àwọn àpọ́sítélì. Ẹ̀yin òbí, ẹ tẹ́tí sí mi lórí glúkóòsì yìí. Àrùn ṣúgà ń mú ọmọdé. Kì í ṣe torí pé ó jẹ súìtì jù, kì í sì í ṣe torí pé ẹnì kan ń ṣe é. Ọmọ tó ti ń sùn láìtọ̀ sílé tẹ́lẹ̀ á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì, á máa mu omi bí ẹni tó ń da omi sínú agbọ̀n, á máa rù. Àwọn kan á nà án fún títọ̀ sílé. Bó bá wá pẹ́ sí i, á máa bì, inú á máa run ún, á máa mí gúlegúle, ẹnu rẹ̀ á máa rùn bí èso tó ti ń rà. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní taifọ́ọ̀dù ni, wọ́n á po glúkóòsì inú agolo fún un kó lè lágbára. Epo ni wọ́n ń dà sí iná yẹn o! Kí ẹnikẹ́ni tó po glúkóòsì tàbí kó fa omi ṣúgà sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gún ìka rẹ̀ wò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bó bá ga, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ohun tó máa gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là ni insulin, òun náà sì ní ìtàn lórúkọ. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tó ń jẹ́ pancreas. Gíríìkì náà ni: pan ni gbogbo, kreas ni ẹran, torí pé ẹran lásán ni, kò léegun. Ní ọdún 1869, ọ̀dọ́kùnrin ará Jámánì kan tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, Paul Langerhans, fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó, ó rí àwọn ibi kéékèèké tó dá yàtọ̀ káàkiri inú rẹ̀ bí erékùṣù láàárín omi. Erékùṣù ni insula lédè Látìn. Nígbà tí wọ́n fura pé inú àwọn erékùṣù yìí ni ohun tó ń káwọ́ ṣúgà ti ń wá, ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Jean de Meyer, sọ ọ́ lórúkọ ní 1909, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i yọ jáde. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣiṣẹ́ ní Áílàndì l'Ékòó, ọ̀rọ̀ tiyín kò bá insula tan. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ló rò pé ó bá a tan tí wọ́n fi ki lẹ́tà s bọ̀ ọ́. Ìdí tí a kì í fi í pe s yẹn nìyẹn.)

Ní 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best rí i yọ ní Toronto, ní Kánádà. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, tó ti fẹ́ kú. Ọmọ náà tún lo ọdún mẹ́tàlá sí i láyé. Kó tó dìgbà yẹn, ikú ló ń gbẹ̀yìn ọmọ tó bá ní irú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ pé "insulin ló ń pa èèyàn", ó máa ń dùn mí. Ìgbà tí wọ́n ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbà á ni wọ́n ń kú, abẹ́rẹ́ wá ń gba ẹ̀bi. Ọmọ tó ní irú èyí kò lè fi oògùn oníhóró tàbí àgbo rọ́pò rẹ̀ rárá.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí rẹ̀ ní Mowe níbí ni ti iná mànàmáná: báwo ni a ó ṣe tọ́jú insulin nígbà tí kò síná? Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, kó má sún mọ́ ibi tó ń di yìnyín, torí èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́, kódà bó bá yọ́ padà. Èyí tí ẹ ti ń lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wà níta fíríìjì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ò bá pọ̀ jù, ẹ wo ara páálí rẹ̀. Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá àti kékeré. Ẹ da yanrìn sínú ńlá, ẹ gbé kékeré kalẹ̀ sáàárín rẹ̀, ẹ máa bu omi sí yanrìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ di insulin sínú ọ̀rá kí omi má kàn án, ẹ gbé e sínú ìkòkò kékeré, ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí oòrùn kò dé.